Àgbò Tó Ń Jẹ Ọ̀rá

Lọ́dún 2018, kò sí àgùntàn kan ní àdúgbò Egan tí kò gbúròó Sájẹ́ǹtì. Àgbò Nùrẹ́nì ni. Ó funfun láti orí dé ìrù, àfi dúdú róbótó kan tó yí ojú òsì rẹ̀ ká bí ẹni pé wọ́n lù ú lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Bó bá ń bọ̀ lójú títì, àyà rẹ̀ á ti ṣíwájú, nǹkan ọkùnrin rẹ̀ á máa mì gọ̀dọ̀gọ̀dọ̀ lẹ́yìn bí àpò aláàárù, àwọn obìnrin tó ń fọṣọ á sì máa fi ìgbọ̀nwọ́ gbún ara wọn. Ẹni tó bá ní abo àgùntàn tó fẹ́ kó bímọ, ọ̀dọ̀ Nùrẹ́nì ló ń fà á lọ. Nùrẹ́nì kì í gbà ju ọpẹ́ lọ lọ́wọ́ wọn. Ohun tó dùn mọ́ ọn ni kí wọ́n máa sọ ọ́ káàkiri pé kò sí akọ bí akọ rẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Nùrẹ́nì, iṣẹ́ ike lílọ̀ ló sì ń ṣe. Àwọn tó ń ṣa ike ní ààtàn Ìgándó ló ń kó o wá fún un: kẹ́ẹ̀gì tó ti lu, abọ́ ìfọṣọ tó ti fọ́, àga tí ẹni tó sanra ti jókòó pa. Ẹ̀rọ rẹ̀ á lọ̀ wọ́n wẹ́wẹ́, wọ́n á kó o sápò, ọkọ̀ á wá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di ike tuntun. Eruku tó ń jáde lára ẹ̀rọ náà kò jọ eruku ilẹ̀. Ó fẹ́lẹ́, ó ń dán. Bó bá jẹ́ búlúù lónìí, ó lè pupa lọ́la. Ó ń bà sórí òrùlé, ó ń bà sórí aṣọ tí wọ́n sá, ó ń bà sínú omi. Nùrẹ́nì á jẹ ẹ̀kọ mọ́ ọn, á mu omi mọ́ ọn, á ní ohun tí yóò pa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kò tíì dé ayé.

Ẹ̀yìn ẹ̀rọ yìí gan-an ni wọ́n ń so Sájẹ́ǹtì mọ́. Àgbò náà kì í fi bẹ́ẹ̀ wo koríko lójú. Ọ̀rá tí wọ́n ń di nǹkan sí ló fẹ́ràn, pàápàá ọ̀rá mọ́ínmọ́ín tí epo ṣì wà lára rẹ̀. Á jẹ ẹ́ tán, á wá fi ahọ́n lá ètè rẹ̀ bí alága ìjókòó.

Ganiyat ìyàwó Nùrẹ́nì, aránṣọ ni. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í yá, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ á ti dé Ìyànà Ìpájà kí ẹsẹ̀ ẹlòmíì tó kúrò nílé. Ó pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, ọmọ ò sì tíì dé. Ganiyat ti lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò tòkètilẹ̀, wọ́n ní nǹkan kan ò ṣe é, kó mú ọkọ rẹ̀ wá. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

"Kí n wá ṣe kí ni?" Nùrẹ́nì bi í.

"Wọ́n á fún yín ní ike kékeré kan, ẹ ó wá…"

"Ike! Èmi tí mò ń lọ ike láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé inú ike náà ni n ó tún wá máa ṣe ìyẹn sí? Ganiyat, wò mí dáadáa. Ṣé mo jọ ẹni tí nǹkan ń ṣe?"

Kò kúkú jọ ọ́. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, ohùn rẹ̀ ń ròkè ju ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ganiyat padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ìyá Nùrẹ́nì ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, ó gbé ẹ̀lùbọ́ wá, ó sì gbé àǹkárá tuntun kan wá pẹ̀lú, èyí tó dì pamọ́ sísàlẹ̀ àpò. Lálẹ́ ọjọ́ tó dé ló ti ń sọ fún ọmọ rẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òjò, pé ọmọbìnrin kan wà ládùúgbò àwọn nílé, ọmọ jẹ́jẹ́, ìyá rẹ̀ bí mẹ́sàn-án. Ganiyat wà nídìí ìkòkò. Ó ń ro àmàlà, ó sì ń gbọ́. Kò béèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ fi àǹkárá náà tọrọ.

Bọ̀dá Julius ló wá dá ìjà sílẹ̀. Ògiri ilé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ti Nùrẹ́nì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ó sì ń sin àgùntàn. Láàárọ̀ Sátidé kan, ó fa àgùntàn mẹ́ta lókùn dé iwájú ilé.

"Nùrẹ́nì! Jáde síta! Àgbò rẹ ti lù wá ní jìbìtì!"

Nùrẹ́nì pa ẹ̀rọ. "Bọ̀dá Julius, ẹ káàárọ̀ sà. Kí ló dé?"

"Láti ìgbà ọyẹ́ ni mo ti ń fa àwọn wọ̀nyí wá. Sájẹ́ǹtì á gùn wọ́n, á sọ̀ kalẹ̀, á máa wojú wa bí ẹni tó ti ṣe gudugudu méje. Kò sí oyún lára ẹyọ kan! Ariwo lásán ni ẹran yẹn!"

"Ẹ lọ wo àwọn àgùntàn yín. Bóyá àwọn ló yàgàn."

"Ta ló yàgàn? Èyí tí o ń wò yìí bí ìbejì fún àgbò kan ní Àkẹ̀sán, ó tún bí òmíràn lé e!"

Àwọn èèyàn ti ń dúró. Obìnrin kan láàárín wọn ní, "Ẹ ṣeun, mo rò pé tèmi nìkan ni kò lóyún ni." Ọkùnrin kan náà ní òótọ́ ni, ti òun kò mú. Òógùn bo Nùrẹ́nì. Ó bojú wo Sájẹ́ǹtì, Sájẹ́ǹtì sì ń jẹ ọ̀rá búrẹ́dì, kò dá sí wọn.

Ganiyat jáde wá, okùn ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ má jà, jàre. Dókítà ẹran kan wà ní Ìgándó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ Sájẹ́ǹtì wò, kọ́rọ̀ tán."

"Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò!" Nùrẹ́nì ké. "Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní gbangba! Akọ tí kò ní nǹkan lára kì í sá fún àyẹ̀wò!"

Ganiyat fọwọ́ sẹ́yìn etí. "Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní akọ tó bá ń sá fún àyẹ̀wò, ó mọ ohun tó ń ṣe é!"

"Akọ wo?"

"Akọ yòówù! Ì báà jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ì báà jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì!"

Ganiyat yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ o?"

"Mo gbọ́," ni ìyá wí, ó sì gbé àgbọ̀n sókè nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ dùn mọ́ ọn. Kò mọ̀ pé wọ́n ti fi òun ṣe ẹlẹ́rìí.

Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni wọ́n gbé lọ sí Ìgándó. Sájẹ́ǹtì jókòó sáàárín Nùrẹ́nì àti Bọ̀dá Julius bí bàbá ìyàwó, Ganiyat wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ, àgbò náà ti jẹ ọ̀rá tí awakọ̀ fi bo ẹ̀yìn àga rẹ̀ tán. Bùtùbútú èébú ni awakọ̀ bù fún wọn nígbà tí wọ́n ń sọ̀.

Dókítà Ọláyẹmí, obìnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà òjò, kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ ikùn àgbò náà, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó kọjú sí Nùrẹ́nì.

"Kí lẹ̀ ń fún un jẹ?"

"Koríko ni. Èèpo ẹ̀gẹ́."

"Ọ̀rá," ni Ganiyat wí. "Ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó ń lọ ike ni wọ́n tún ń so ó mọ́, eruku rẹ̀ ló ń fà símú."

Dókítà mú abo àgùntàn kan jáde, ó sì mú rọ́bà gígùn kan tí wọ́n fi ń gba àtọ̀ ẹran dání. Sájẹ́ǹtì kò fàkókò ṣòfò. Bọ̀dá Julius akọrin yíjú sí ògiri. Ganiyat kò yíjú síbì kan. Ní ìṣẹ́jú àáyá, àgbò ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ń wojú gbogbo wọn bó ṣe máa ń wò wọ́n.

Dókítà kán díẹ̀ nínú ohun tó gbà sórí gíláàsì, ó fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló pe Nùrẹ́nì kó wá wò ó.

"Kí lẹ rí?"

"Omi ni mo rí, Dókítà."

"Ohun témi náà rí nìyẹn. Ó yẹ kó rí bí ọjà Ṣàṣà nígbà tí tòmátì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, kí wọ́n máa rọ́ lu ara wọn. Ti àgbò yín, díẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn díẹ̀ ọ̀hún náà sì ń pòòyì lójú kan bí àlejò tí kò mọ ibi tí wọ́n já òun sí."

Bọ̀dá Julius fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó.

"Ṣé ọ̀rá ló fà á, mà?" Ganiyat béèrè.

"Ọ̀rá ti di òṣùṣù nínú ikùn rẹ̀, ó ń gba àyè oúnjẹ. Ìyẹn dá mi lójú, mò ń fọwọ́ kàn án. Ti eruku ike tẹ́ ẹ sọ pé ó ń fà símú, mi ò lè búra. Àwọn èròjà kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ ike kó lè rọ̀. Àwọn onímọ̀ ti fún akọ eku jẹ, ẹpọ̀n àwọn eku náà sún kì, àtọ̀ wọn dínkù. Ti eruku ike fúnra rẹ̀, èyí tó kéré ju ohun tójú lè rí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wádìí rẹ̀ ni. Kò tíì sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe ń rìn lára àgbò, tàbí lára èèyàn. Ṣùgbọ́n ká ní èmi ni mo ni ẹran yìí, mi ò ní so ó mọ́ ibẹ̀ mọ́."

"Lára èèyàn?" Nùrẹ́nì ní. "Báwo lèèyàn ṣe dé ọ̀rọ̀ àgbò?"

"Eku, àgbò, èèyàn, ọmú la fi tọ́ gbogbo wọn," ni Dókítà wí, ó sì lọ fọwọ́.

Nígbà tí wọ́n délé, Ganiyat bu oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, ó dúró kí ìyá jẹ òkèlè àkọ́kọ́ mì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ni mo gbàgbé. Kí ni ọmọ yín sọ láàárọ̀ nípa akọ tó ń sá fún àyẹ̀wò?"

Inú ìyá dùn láti rántí. "Ó ní ó mọ ohun tó ń ṣe é. Ó ní akọ yòówù, ì báà jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ì báà jẹ́…" Ó wo ọmọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ méjèèjì. "Háà."

"Màámi, àgbò ni mò ń sọ!"

"Nùrẹ́nì, àgbò wo ló ń rin ẹsẹ̀ méjì? Mo gbọ́ ọ, gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ. Bí bàbá rẹ bá sọ̀rọ̀, kì í kó o jẹ. Má fi wá ṣẹ̀sín."

Nùrẹ́nì wojú ìyàwó rẹ̀. Ganiyat ń ṣa egungun inú ẹja, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ojú ọmọ kéwú.

Nùrẹ́nì gbà pé òun á ṣe àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní lọ sí Ìgándó, torí ẹnu àwọn ará ibẹ̀ kì í dúró. Ìyànà Ìpájà ló gbà láti lọ, ní ilé ìwòsàn kan tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Ó fi fìlà bo ojú dé imú, ó wọ awò dúdú. Nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè orúkọ rẹ̀, ẹ̀rù bà á, èyí tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ló sọ.

"Sájẹ́ǹtì."

"Orúkọ bàbá?"

"Egan."

Ó gba ike kékeré rẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Ọkùnrin kan wà ní igun, ó ń ka ìwé ìròyìn. Nùrẹ́nì jókòó tì í. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rí i pé ọkùnrin náà dorí ìwé ìròyìn kodò, ike kékeré irú tirẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bó ṣe gbójú sókè, ojú wọn ṣe mẹ́rin.

"Bọ̀dá Julius?"

"Eyín," ni Bọ̀dá Julius wí kíá. "Eyín ló ń dùn mí."

"Inú ike ni ẹ ó tu eyín sí?"

Bọ̀dá Julius fẹ́ fèsì. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì yọrí lẹ́nu ọ̀nà, ó fi gbogbo agbára pè é: "Ọ̀gbẹ́ni Sájẹ́ǹtì Egan! Ó ti kàn yín o!"

Bọ̀dá Julius wo nọ́ọ̀sì, ó wo Nùrẹ́nì tó ń dìde, ó fi ìwé ìròyìn bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Nùrẹ́nì náà ò lè mú un mọ́ra. Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì débi pé nọ́ọ̀sì béèrè bóyá kí òun pe dókítà.

Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn méjèèjì ra àgbàdo sísun lábẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n dúró síbẹ̀. Bọ̀dá Julius ní Tolúwalọpẹ́ ọmọ òun kan ṣoṣo ti ń lọ sílé ìwé girama, àtìgbà tí wọ́n ti bí i ni òun àti Tòún ìyàwó òun ti ń retí òmíràn. Ó ní Tòún ò mọ̀ pé òun wá.

"Ẹ wá ń pariwo lé àgbò mi lórí láàárín gbogbo ayé?"

"Àbúrò, mo rò pé bí ariwo tìrẹ bá pọ̀ tó, mi ò ní gbọ́ tèmi."

Nùrẹ́nì kán àgbàdo rẹ̀ sí méjì, ó fún un ní apá tó sun dáadáa.

Èsì ti Nùrẹ́nì kò dára. Dókítà ilé ìwòsàn náà fẹ̀sọ̀ sọ fún un pé àtọ̀ rẹ̀ kéré, èyí tó wà sì ń fà. Ó béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, ó gbọ́ ti eruku, ó gbọ́ ti ooru ẹ̀rọ, ó gbọ́ ti mọ́ínmọ́ín gbígbóná inú ọ̀rá láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ní òun ò lè sọ ní pàtó èwo ni ọ̀daràn nínú wọn, ṣùgbọ́n kó jìnnà sí gbogbo wọn, kó lo oògùn tí òun kọ fún un, kó padà wá.

Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ń borí ẹ̀rọ délé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó bá Ganiyat nídìí ìránṣọ, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn àjákù aṣọ.

"Èmi ni," ó wí. "Kì í ṣe ìwọ. Èmi ni láti ìgbà yìí wá."

Ganiyat ti múra ọ̀rọ̀ tó máa sọ bó bá di ọjọ́ yìí. Ó ti tún un sọ nínú ara rẹ̀ títí, ó dùn, ó mú bí abẹ́. Nígbà tó rí bí ọkọ rẹ̀ ṣe di ọmọdé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kò rántí ìkan nínú rẹ̀. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń gbọn eruku búlúù kúrò nínú irun rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ó wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Sájẹ́ǹtì Egan."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Bọ̀dá Julius ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù kí ẹ tó dé àbáwọlé àdúgbò. Ìyàwó rẹ̀ wá rán ẹ̀wù níbí."

Ó kù kí ìyá gbọ́. Nùrẹ́nì ló sọ ọ́ fún un fúnra rẹ̀, kò fi àgbò bò ó. Ìyá kò bẹ Ganiyat, torí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ìyàwó ọmọ. Ó wọlé, ó yọ àǹkárá ìsàlẹ̀ àpò, ó gbé e sórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ìyàwó mi, rán an fún ara rẹ. Má ṣe é tóóró, o ṣì máa gbé oyún nínú rẹ̀."

Àtìgbà náà ni nǹkan yí padà nílé wọn. Nùrẹ́nì mọ ògiri yí ẹ̀rọ ká, ó ń bu omi sí ike kó tó lọ̀ ọ́ kí eruku má baà gbéra, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì ń fi ìbòmú bo imú. Ewé ni Ganiyat fi ń sè mọ́ínmọ́ín. Sájẹ́ǹtì kó lọ sí ẹ̀yìnkùlé Bọ̀dá Julius lẹ́yìn tí Dókítà Ọláyẹmí ti la ikùn rẹ̀, tó kó ọ̀rá tó kún garawa jáde, tó sì fi abẹ́rẹ́ rán ikùn náà padà. Ìbínú àgbò náà kò ṣeé fẹnu sọ. Odindi ọ̀sẹ̀ ló fi kọ̀yìn sí koríko, ó ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá ọ̀rá kan yóò fẹ́ wọlé.

Nígbà tó yá, àgùntàn Bọ̀dá Julius lóyún. Ìkejì lóyún. Bọ̀dá Julius ń kọrin ìyìn káàkiri àdúgbò. Nùrẹ́nì nìkan ni inú rẹ̀ ò dùn tó bó ṣe yẹ.

"Ọjọ́ kan náà ni èmi àti Sájẹ́ǹtì jọ bẹ̀rẹ̀," ó sọ fún Ganiyat. "Ó wá fi mí sílẹ̀ lọ."

"Òun kì í yọ́ jẹ mọ́ínmọ́ín inú ọ̀rá níta," Ganiyat dá a lóhùn. Nùrẹ́nì kò mọ̀ pé wọ́n ti ń rí òun. Ọjọ́ yẹn ló jáwọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ganiyat lóyún. Dókítà ò lè sọ bóyá ìbòmú ni, bóyá oògùn ni, bóyá ewé mọ́ínmọ́ín ni, bóyá àkókò Ọlọ́run ló tó. Bọ̀dá Julius àti Tòún ṣì ń retí. Bọ̀dá Julius ní èsì ti òun ń sàn díẹ̀díẹ̀, ó sì ti dẹ́kun àtimáa fi ìwé ìròyìn bojú nílé ìwòsàn.

Ganiyat bí obìnrin. Hamdalah ni wọ́n pinnu láti sọ ọ́. Nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, ìyá ti Ògbómọ̀ṣọ́ ṣẹ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó béèrè ibi tí ọ̀bẹ wà.

"Àgbò wà nílẹ̀, kí la tún ń ra àgbò fún? Ẹ lọ fa Sájẹ́ǹtì wá."

Bọ̀dá Julius tó ń to àga dìde, ó ti ń fẹ̀yìn rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ láti lọ ti ilẹ̀kùn.

"Màámi," ni Nùrẹ́nì wí, "ẹ dárí jì mí. Mi ò lè pa ẹni tá a jọ ṣàìsàn."

Ìyá wò ó, ó mi orí, ó ní kí wọ́n tètè lọ sọ́jà kí òòrùn tó mú. Nùrẹ́nì àti Bọ̀dá Julius jọ lọ. Wọ́n pẹ́ lọ́jà gan-an, nítorí Nùrẹ́nì tẹ ikùn gbogbo àgbò tó wà níbẹ̀ kó tó mú ọ̀kan, alágbò sì ń bi Bọ̀dá Julius láṣìírí bóyá ara ọ̀rẹ́ rẹ̀ yá.